Sí Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, nípa ilé àdúrà tí o kúrò níbẹ̀

Kétu

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì tún un gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. O ní ẹ̀yin tí ẹ jáde kúrò ní ilé àdúrà yẹn ti ń péjọ lọ́jọ́ Sátidé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ ń sọ ohun tójú yín rí. O ní arákùnrin kan dìde, ó ní kò sí ohun rere kankan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé ẹni tó bá ní òun gbádùn ohunkóhun ṣì wà nínú ìdè. O ní o dákẹ́, nítorí pé orin ìdájí ṣì ń wá sí ọ lọ́kàn, àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, ojú sì ń tì ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ohun tí mo lè fi fóònù dáhùn.

Bí orin yẹn bá dùn mọ́ ọ, ó dùn mọ́ ọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lẹ́nu rẹ. Ìkà tí wọ́n ṣe yín ní ilé yẹn gan-an ni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ohun tó wà lọ́kàn yín fún yín. Ẹni tí ẹ ń pè ní Bàbá ló ń sọ ìgbà tí inú yín dùn àti ìgbà tí ẹ̀ṣẹ̀ ń dà yín láàmú. Bí ẹ bá wá jáde, tí ẹlòmíràn tún dìde pé òun ló mọ ohun tí ẹ rò nígbà náà, ibo lẹ jáde lọ? Inú ń bí arákùnrin yẹn, ó sì nídìí: ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló tà kó owó rẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ṣùgbọ́n òun ló ni ìbínú rẹ̀, ìwọ lo ni ìrántí tìrẹ.

Láti ọjọ́ tí o ti wọ ibẹ̀ ni mo ti ń wá ohun tí mo lè kà nípa irú ìjọ bẹ́ẹ̀. Mo kà nípa Jim Jones, oníwàásù ará Amẹ́ríkà tó kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ tẹ̀dó sínú igbó ní Guyana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1978, ènìyàn tó lé ní 900 kú, májèlé ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọdé tó wà nínú wọn lé ní 300. Gbogbo ayé ló gbọ́ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó là á já. Àwọn kan ti sá gba inú igbó lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn kan kò sí nítòsí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ tẹnu wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fi èyí tó dára pamọ́: wọ́n ní dúdú àti funfun ń jókòó pọ̀ nínú ìjọ yẹn nígbà tó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wọn, pé wọ́n ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó. Wọn kò fi ìyẹn dá Jim Jones láre. Wọ́n ń sọ ọ́ kí a lè mọ ohun tó fa ènìyàn gidi wọlé. Nítorí bí a bá ní kò sí nǹkan dáadáa níbẹ̀ rárá, òmùgọ̀ la pe gbogbo ẹni tó wọlé. Ọmọ ọlọ́mọ tó ń gbọ́ wa á sì máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé òun ò gọ̀, irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí òun.

Ìwọ náà ò gọ̀. O dé Àjàṣẹ́ lẹ́yìn tí o yege BAC, ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, o ò mọ ẹnìkan. Ọjọ́ tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí o háyà, àwọn ni wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, tí wọ́n fọ aṣọ rẹ. Èmi wà ní Kétu níbí, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Ìyá wo ló máa bú ẹni tó bọ́ ọmọ rẹ̀? Ìṣọ́ òru kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di mẹ́ta, oorun kò tó ọ mọ́. Wọ́n ní kí o máa kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sínú ìwé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ tí o béèrè ibi tí owó ìjọ ń gbà lọ, wọ́n ṣí ìwé náà, wọ́n kà á sókè létí gbogbo yín, o sì lóye ìdí tí wọ́n fi ń pa á mọ́. Wọ́n pe àwa ará ilé rẹ ní ayé. Wọ́n ní ẹ̀mí iyèméjì ló ń gbẹnu wa sọ̀rọ̀. Báyìí ni a ṣe sìnkú ìyá àgbà tí o kò sí níbẹ̀. Ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sọ fún ọ pé o ò ní sin ìyá àgbà, ò bá ti gbé àpò rẹ o jáde. Wọn kò sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ kí o rántí bí o ṣe rí nígbà tí o padà wálé, nítorí ìwọ kò rí ara rẹ. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ sísàlẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ààwẹ̀ lórí ààwẹ̀ ti fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ gbẹ, nǹkan oṣù rẹ ti dá dúró. Ìyẹn ní oògùn, a sì lò ó. Èyí tó dùn mí jù ni ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. O dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, o mú ife dání, ìkòkò omi wà níwájú rẹ, o wá bi mí bóyá o lè mu omi. Nínú ilé tí a bí ọ sí.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́, ó sì ju owó lọ. Níbi kéékèèké ni wàá ti máa gbà á padà. Fúnra rẹ ni kí o pinnu ohun tí o máa jẹ lálẹ́. Fúnra rẹ ni kí o yan aṣọ tí o máa wọ̀ àti ìgbà tí o máa sùn. Bí o bá yàn, tí kò sì dára tó, kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sínú ìwé. Lóṣù tó kọjá, o bá mi jiyàn lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ ilé tí o fẹ́ kó lọ. O bínú, o pa fóònù mọ́ mi létí. Mo rẹ́rìn-ín ayọ̀, mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ wa ń bọ̀.

O rántí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń gbé ìbòjú, ní ìlú wa. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí, Mùsùlùmí ni bàbá bàbá rẹ, a kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ní Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, gbogbo agboolé á gbé ẹní lọ jókòó. Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà, á wúre fún ìlú, á wúre fún àwọn ìyá. Lẹ́yìn náà ni á wá fi orin sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀: ẹni tó kówó ẹgbẹ́ jẹ, ẹni tó ń fìyà jẹ ìyàwó, olóyè tó da ẹjọ́ ru. Ẹni tí orin bá bá wí lè wà níjòkòó níbẹ̀, ojú gbogbo ìlú á wà lára rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan Ẹ̀fẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí a bá gbé sípò gíga gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́, wọ́n sì ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún un kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni. Èyí wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti máa pè ní iṣẹ́ èṣù. Rò ó wò fúnra rẹ: ta ló lè kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sí Bàbá yẹn lójú, kó sì sùn ní ilé àdúrà lálẹ́ ọjọ́ náà?

O tún bi mí ìdí tí ẹ fi dúró lẹ́yìn tí ọjọ́ tí Bàbá dá fún òpin ayé kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì. Obìnrin kan nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà sọ pé ìkún omi máa dé ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1954. Leon Festinger, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ àárín ìjọ náà láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, omi kò dé. Festinger kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tú ká. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ àwọn ló gba ayé là, àwọn tí wọn kì í fẹ́ rí oníròyìn tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé ìwé ìròyìn. Ṣé o rí i? Bàbá tiyín náà ní ààwẹ̀ yín ló mú kí Ọlọ́run sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹni tó ti ta ilẹ̀, tó ti fi ìwé sílẹ̀, tó ti bá ìyá rẹ̀ jà, ìnira ńlá ni fún un láti gbà pé lásán ni. Má fi ìyẹn jẹ ara rẹ níyà mọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ìwọ sì ríran, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn gan-an ni o bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ìkọ̀kọ̀.

Ní ti ègún tí Bàbá yín fi gún yín, pé ẹni tó bá jáde kò ní rí òjò ọdún tó ń bọ̀: òjò ti rọ̀, àgbàdo ti gún orí ní oko bàbá rẹ. Mo mọ̀ pé síbẹ̀síbẹ̀, bí orí bá fọ́ ọ, àyà rẹ á já. Tó bá ṣẹlẹ̀, lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibà, ẹ̀fọn ló fà á. Lo oògùn rẹ tán, má dá a dúró nígbà tí ara bá yá díẹ̀. Ní Adjarra, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, àwọn ènìyàn kan ti ara wọn mọ́ yàrá, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń sun tùràrí àti èédú, nítorí a ti sọ fún wọn pé ayé fẹ́ parẹ́. Ènìyàn 5 kú. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú tó ń jó nínú yàrá tí a sé kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, á mú ọ sùn kí o tó mọ̀ pé ó yẹ kí o sá. Àdúrà kì í sọ pé kí a má ṣí fèrèsé. Bí wọ́n bá ti ń ní kí o fi ara rẹ wéwu kí o lè fi ìgbàgbọ́ hàn, dìde kí o jáde. Má dúró ṣàlàyé.

Mo gbọ́ pé ẹnìkan ti wá bá yín ní ìpàdé, pé òun máa tú yín sílẹ̀ kúrò nínú májẹ̀mú ilé yẹn, kí ẹ kó owó jọ fún ètùtù. Má san kọ́bọ̀. Ebi ìjókòó pọ̀ ṣì ń pa yín, ó sì rí i. Èmi ò sọ pé kí o má sin Ọlọ́run. Àwọn tí ń sìn ín pẹ̀lú ọkàn mímọ́ pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, bí o bá fẹ́ lọ jókòó lẹ́yìn láàárín wọn láìsọ orúkọ rẹ, lọ. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí o bá dé, béèrè nípa owó, kí o sì wo ojú ẹni tí o bi. Sọ fún wọn pé o fẹ́ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Wádìí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹni tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ní abala 23, fún ọ ní òmìnira láti ní ẹ̀sìn tí ọkàn rẹ bá fẹ́. Èmi ìyá rẹ náà wà lábẹ́ òfin yẹn. Bí o bá wálé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí o kò fẹ́ bá mi lọ sí Máàsì, sùn. Oúnjẹ rẹ á wà nílẹ̀ nígbà tí mo bá dé.

Àwọn tó kù níbẹ̀ ńkọ́? Má pè wọ́n ní ọ̀tá. Má sì máa fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn pé irọ́ ni Bàbá ń pa. Wọ́n á gbé e lọ fún un, wọ́n á tún fi fún wọn ní ààwẹ̀. Fi ìkíni ránṣẹ́, béèrè ara ọmọ. Ohun tó mú ọ padà sílé ni pé nọ́ńbà mi kò yí padà, pé mi ò sì bi ọ́ ní ìbéèrè kankan ní ìgbà àkọ́kọ́ tí o pè.

Ó kù ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tó lóyún. O ní oyún náà ti lé ní oṣù méje, kò tíì lọ ṣàyẹ̀wò rí, pé wọ́n ní omi àdúrà tó. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró de ìgbà tí ó máa pinnu láti kúrò. Sọ fún un pé ìyá rẹ tó jẹ́ agbẹ̀bí fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ láti mọ bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ bá ti ń wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kó má dúró dè mí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí irú rẹ̀, èmi á wọ ọkọ̀ wá sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kó wá sí yàrá rẹ, kó mú omi àdúrà rẹ̀ dání bí ó bá fẹ́. Mi ò ní dárúkọ ìjọ rẹ̀ fún un rárá. Pè mí kí o tó sùn lónìí, kí n mọ̀ bóyá ó gbà.

Bàbá rẹ kí ọ.

Èmi ni,
ìyá rẹ.