Oògùn wárápá kò wọ́n, kí ló dé tí kò dé ọ̀dọ̀ wa?

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi gidigidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wárápá gbé ọmọbìnrin àbúrò mi, ó sì ṣubú lé agbada gàrí. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún bó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń yan gàrí sá, wọ́n ní ìtọ́ ẹnu rẹ̀ á ran àwọn. Irọ́ ni, wárápá kì í ràn!

Àìsàn yìí ti rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà onímọ̀ àrùn ọpọlọ àti iṣan ara kan n'Íbàdàn ló bá wa ṣe é. Kó tó di pé ó fi ẹ̀rọ oníwáyà tí ń wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ọmọ lórí, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń bi í: ọwọ́ wo ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n? Ṣé ojú máa ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ṣé ó tètè ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé gìrì ṣe é rí ní kékeré? Ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn. Ó kọ oògùn wárápá tí wọ́n ń pè ní phenobarbitone fún un, ó sì kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, kí àìsàn náà má baà padà wá tagbáratagbára.

Oògùn tán. Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ní kò sí, ká padà lọ sí Ìbàdàn. Owó ọkọ̀ ju owó oògùn lọ! Oògùn tí wọ́n ti ń fi wo wárápá láti 1912, tó wà lára àwọn tó pọ́ọ́kú jù!

Kí ojú ti ẹ̀yin aláṣẹ ètò ìlera. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, dókítà onímọ̀ àrùn ọpọlọ, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ Ìgbò-Ọrà lọ, ní Ìbàràpá wa níbí, wọ́n ń yẹ ará ìlú wò láti ojúlé dé ojúlé. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1987 fi hàn pé bí èèyàn 5 nínú 1,000 ló ní wárápá. Kí lẹ fi ṣe? Oògùn kò wọ́n, síbẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí àwọn dókítà onímọ̀ àrùn ọpọlọ kọ́ nọ́ọ̀sì méjì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ìyá ọmọ, bí oògùn ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, àti irú ẹni tó gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn. Kí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ gbogbo aláìsàn sínú ìwé, kó mọ ọjọ́ tí oògùn oníkálùkù máa tán, kó ti béèrè òmíràn sílẹ̀. Kí dókítà àgbà máa wá lóṣooṣù wo èyí tó le, kí wọ́n máa pe é lórí fóònù fún ìyókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ìtọ́jú bá péye, tó 70 nínú 100 wọn lè máa gbé láìsí pé ó tún ń gbé wọn. Ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa!

Kí ìjọba sanwó gidi fún dókítà kí wọ́n yé jápa. Kí àwọn olùkọ́ sì sọ fún ọmọ iléèwé pé bí wárápá bá gbé èèyàn, kí wọ́n má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí wọ́n gbé iná jìnnà, kí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èmi ni tiyín,
Ìyá àgbà kan, Ìbàràpá, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́