Àwòrán Sákíìtì Yín Ku Rẹsítọ̀ Mẹ́ta

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àlàyé yín lórí bí a ṣe lè fi sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀mpárétọ̀ ṣọ́ ìwọ̀n ooru inú àpótí tí a fi ń pa ẹyin. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ fo ohun kan tó ti kó mi sí wàhálà rí.

Ẹ ṣàlàyé LM35, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ ooru náà, dáadáa. Mílífólítì 10 ló ń yọ fún 1 °C kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ooru àpótí bá jẹ́ 37.5 °C, mílífólítì 375 ni a ó bá lẹ́nu rẹ̀. LM393, ìyẹn kọ̀mpárétọ̀ tó ń fi fólítì méjì wéra, á fi í wé fólítì tí a ti yàn. Bí ti sẹ́ńsọ̀ bá kéré, á tan iná tó ń mú àpótí gbóná, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á pa á. Bí méjèèjì bá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ńkọ́? Mílífólítì 1 péré tó bá gbọ̀n lórí wáyà ti tó láti máa tì í síwá sẹ́yìn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ to tèmi, ńṣe ni rílè, ìyẹn súwíìṣì tó ń tan iná náà tó sì ń pa á, ń dún tá-tá-tá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ibi tí irin rẹ̀ ti ń kan ara ti jó, ó sì lẹ̀ pọ̀. Iná kò kú mọ́. Gbogbo ẹyin inú àpótí náà ló bàjẹ́, ó sì dùn mí gan-an.

Rẹsítọ̀ méjì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń dín ìṣàn iná kù, ni ìbá gbà mí. Sẹ́ńsọ̀ á wà ní ẹsẹ̀ àyọkúrò (−) kọ̀mpárétọ̀ náà. Ẹ fi kílóòmù 2 sáàárín fólítì tí ẹ yàn àti ẹsẹ̀ àròpọ̀ (+), kí ẹ sì fi mẹ́gáóòmù 1 so ẹnu ìjáde padà mọ́ ẹsẹ̀ àròpọ̀ yìí kan náà. Bí ìjáde bá ń lọ láti 0 dé fólítì 5, àlàfo tó máa wà láàárín títàn àti pípa á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílífólítì 10, ìyẹn nǹkan bí 1 °C. Hysteresis ni àwọn ẹlẹ́rọ ń pè é. Bí iná bá ti kú, ó di ìgbà tí ooru bá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó tún tàn.

Rẹsítọ̀ kẹta náà kò sí nínú àwòrán yín. LM393 lè fa ìjáde wálẹ̀, kò lè gbé e sókè. Ó nílò rẹsítọ̀ kílóòmù 10 láti ẹnu ìjáde lọ sí orísun iná fólítì 5. Ẹni tó bá tẹ̀ lé àwòrán yín bó ṣe wà á rò pé ẹ̀rọ náà ti kú ni, á sì sọ ọ́ nù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àwòrán náà tẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n fi tẹmọmítà sínú àpótí náà pẹ̀lú. Àṣìṣe LM393 fúnra rẹ̀ lè tó mílífólítì 5, ìdajì 1 °C sì nìyẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan