Fídíò tó ń pe àlejò, tí kò júwe ọ̀nà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń ya fídíò láti fi polówó ìlú fún arìnrìn-àjò: àwòrán dúróònù ti pọ̀ jù. Láti òkè, òrùlé ni gbogbo ìlú. Ìṣẹ́jú àáyá 5 ti tó. Lẹ́yìn náà, kí kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀, kó rìn láti ibùdókọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń polówó.

Èyí tó ń dùn wá jù ni orin tí wọ́n fi ń bo gbogbo ìró ìlú mọ́lẹ̀. Ariwo ọjà, omi, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, ibẹ̀ gan-an ni ìlú kan ti yàtọ̀ sí òmíràn! Ẹ gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí atẹ́gùn máa ń ba ohùn tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ gbà jẹ́.

Ẹ má gé àwòrán kan bọ́ sí òmíràn láìpé ìṣẹ́jú àáyá 3. Ojú kò ní ráyè ka nǹkan kan. Ẹ ya ti fóònù lọ́tọ̀ ní òòró: bí ẹ bá gé 16:9 (àwòrán tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ) di 9:16 (èyí tó dúró ní òòró), ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta fífẹ̀ àwòrán tó máa lọ.

Àkókò ìṣílẹ̀kùn, owó ìwọlé àti ọkọ̀ tí àlejò máa wọ̀ ńkọ́? Ẹ kọ wọ́n sójú fídíò, kí wọ́n sì dúró tó ẹni tó fẹ́ kà wọ́n.

Àwa ayàwòrán fídíò