Kí Ọmọ Wọ̀n Ọ́n Kó Tó Kùn Ún

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Bí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé, bá ti pé, irú àwòrán kan náà ló ń kún inú ìwé ìròyìn: àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbé ike omi tí wọ́n kùn lọ́dà dání, wọ́n ti fi lẹ́búlẹ́bú tó ń dán yanranyanran wọ́n ọn. A ò bá àwọn ọmọ wí o. Ṣùgbọ́n ike tí kò ní ọ̀dà lára ṣì wúlò fún àwọn tó ń yọ́ ike. Bí ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ mọ́ ọn, ó di ìdọ̀tí pátápátá. Lẹ́búlẹ́bú tó ń dán yẹn gan-an, ike ni wọ́n gé wẹ́wẹ́. Yóò bá omi ìfọwọ́ wọ gọ́tà, kò sì sẹ́ni tó máa ṣà á padà.

Ohun tí a fẹ́ kò ju pé kí ọmọ wọn nǹkan kó tó kùn ún.

Ìwé tí wọ́n ti kọ tán ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé 100 gíráàmù sórí òṣùwọ̀n, ìyẹn bí ewé A4 20, torí ewé kan tó gíráàmù 5. Wọ́n á yọ pínnì, wọ́n á fà á ya wẹ́wẹ́ kó má ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n á sì rẹ ẹ́ mọ́jú nínú omi lítà 2. Ìwé dídán bíi ti kàlẹ́ńdà kì í tètè mumi, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gún un lódó, tàbí kí olùkọ́ fi bùlẹ́ńdà lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi tó pọ̀; bí omi bá kéré, mọ́tò ẹ̀rọ náà á jó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kúnná, ẹ bu ṣíbí kan sínú ife omi tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kojú ìmọ́lẹ̀. Bó bá fọ́n ká bí òwú, ó ti tó. Bí ẹ bá ṣì rí ègé tí lẹ́tà wà lára rẹ̀, ẹ padà sídìí odó.

Ẹ kan férémù igi méjì tó tóbi bákan náà, kó fẹ̀ tó ìlàjì A4. Ẹ fa àwọ̀n ẹ̀fọn bo ọ̀kan kó le dandan bí awọ ìlù. Bó bá dẹ̀, àárín ìwé á ki, etí rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Èkejì ló ń wà lórí láti pààlà. Ẹ da ohun tí ẹ gún sínú báfù tó fẹ̀, ẹ fi omi lítà 8 kún un, kí ẹ sì po sítáàṣì ṣíbí kan mọ́ ọn kí yíǹkì má baà ràn. Ẹ máa rò ó kí ewé kọ̀ọ̀kan tó jáde, torí fọ́nrán rẹ̀ máa ń rì sísàlẹ̀. Ọmọ á ti férémù wọlé ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́, á tẹ́ ẹ lábẹ́ omi, á gbé e sókè gbọọrọ, á mì ín lẹ́ẹ̀kan sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn ìyẹn, kó má mì ín mọ́. Ibí gan-an ni ìwé ti ń ya, torí ọwọ́ ọmọdé kì í fẹ́ dúró. Á yọ férémù òkè kúrò, á dojú àwọ̀n dé aṣọ tútù tí kò hunjọ, á fi kànrìnkàn fa omi láti ẹ̀yìn, á wá ṣí i láti etí kan.

Ọjọ́ kan sí méjì ni yóò fi gbẹ. Bí omi ṣe ń kúrò ni fọ́nrán ń sún mọ́ra tí wọ́n ń di ara wọn mú. Tó bá gbẹ tán, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Kò ní pé 100 gíráàmù, kí àwọn ọmọ sì wá ibi tí ìyókù gbà lọ: ara aṣọ, etí odó, ìdí báfù. Ẹ sẹ́ omi tó kù nínú báfù, ẹ má kàn dà á bẹ́ẹ̀ sínú gọ́tà, á dí i. Ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́.

Kí wá ni kí wọ́n yà sórí ìwé náà? Eruku. Ẹ gé páálí funfun mẹ́rin oníwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú lóròó, ẹ fa ìlà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó di ojú 100, kí ẹ fi Vaseline pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fi wọ́n kọ́ síbi tí imú ọmọ ga dé, níbi tí òjò ò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn: ẹnu géètì, ẹ̀gbẹ́ títì, inú kíláàsì, kí ọ̀kan wà nínú àpótí tí a dé pa fún ìfiwéra. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ ka eruku inú ojú 10, ṣùgbọ́n kèké ni kó mú ojú yẹn kí wọ́n tó wò ó. Bí ẹ bá ní kí ọmọ yàn fúnra rẹ̀, èyí tó dúdú jù ni yóò máa mú. Kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ ọn kò sí nínú ohun tí wọ́n máa kà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ya àwòrán ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi èédú to àmì sójú ibi kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n kà gẹ́lẹ́, kí wọ́n má fi ẹyọ kan kún un nítorí ẹwà.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ o: eruku tí kò tó máíkírómítà 2.5 (máíkírómítà 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan), tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, ojú lásán kò rí i. Páálí tó mọ́ kò sọ pé afẹ́fẹ́ mọ́.

Bí páálí ẹnu géètì bá dúdú jù, kí àwọn ọmọ gbé àwòrán náà kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n bẹ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n máa pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ń dúró. Kí wọ́n tún kọ́ páálí mìíràn sójú kan náà fún ọjọ́ 7. Bí òjò bá rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tí kò rọ̀ ní ìkejì, ẹ má fi wọ́n wé ara wọn, òjò ti fọ afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin oníròyìn náà, tí ẹ bá wá ya fọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n kà, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà