Sí ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń dá àjọ nítorí iṣẹ́ abẹ ìdí

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o, mo sì kí àwọn òbí yín. Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi tẹ lẹ́tà yìí kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ yín. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ pé àwọn kan nínú àwọn tó gba òmìnira lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Fíà ń dá àjọ, inú mi sì dùn, nítorí mo rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fẹ́ fi owó náà rà. Àṣé wọ́n fẹ́ lọ ṣe BBL, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń sọ ìdí di ńlá, ní Èkó ni. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi, nítorí mo mọ ohun tí mo rí lára ẹni tó kọ́kọ́ lọ.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sì sí aṣọ tí ó wò lára ènìyàn tí kò lè gé. Nígbà tí ó dé Èkó, ẹnì kan mú un lọ sí ilé kan tí kì í ṣe ilé ìwòsàn, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ sí ìdí, wọ́n fa omi kan sí i tí wọn kò sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó wálé fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, èmi ni mo sì fẹ́ rán aṣọ ẹbí rẹ̀. Bí mo ṣe yí téèpù ká ìbàdí rẹ̀ báyìí, igbe ni ó fi ta. Nígbà tí mo ṣí ìró rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì le gbagidi, ó sì gbóná. Ihò kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọyún ń ti ibẹ̀ jáde sínú aṣọ àlòkù tí ó ká síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí ó ti ń jẹun ní ìdúró. Ilé ìwòsàn ni a gbé e lọ, wọ́n là á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún là á. Ó wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ojú àpá rẹ̀ wú síta, ó ń dán, ó sì ń yún un lóru títí di òní.

Ẹ̀mí rẹ̀ ni a rí gbà. Ẹ̀mí yín ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, nítorí mo bi í pé bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn gidi ni ọmọ náà lọ ńkọ́. Ó ní nínú BBL gan-an, wọn yóò fa ọ̀rá láti inú ikùn àti ẹ̀yìn, wọn yóò sì gún un sí ìdí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá wà nínú ẹran ìdí lọ́hùn-ún; bí abẹ́rẹ́ náà bá wọlé jù, tí ọ̀rá sì bọ́ sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e lọ sínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ènìyàn sì lè kú kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́ tán. Ohun tí mo ń sọ fún yín nìyí! Ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ ó dùbúlẹ̀, oògùn yóò kùn yín lóorun, ẹ lè má jí.

Ẹ má sọ fún mi pé àwọn tí kò lówó ló ń kú. Ṣé ẹ rántí ìyàwó Ààrẹ Ọbásanjọ́, Stella? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí oyè, ó lọ fa ọ̀rá ikùn ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ibẹ̀ ni ó sì gbà kú. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 60. Ilé ẹjọ́ dá dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́bi ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ìdálẹ́bi kò jí òkú. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí rédíò kéde ikú rẹ̀, gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ ni a gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin tó lè lọ sí ilé ìwòsàn èyíkéyìí láyé ni o.

Ní ọdún 2017, àwọn oníṣẹ́ abẹ fúnra wọn ṣírò rẹ̀ pé nínú nǹkan bí ẹni 3,000 tó bá ṣe BBL, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan kú. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà ní Ìlú Ọba ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n máa fi gbà kí wọ́n tún máa ṣe é ní 2022, wọ́n ní abẹ́ awọ nìkan ni ọ̀rá gbọ́dọ̀ dé, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀rọ wo ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà 93 ni wọ́n kà pé ó kú láàárín ọdún 2009 sí 2022 lẹ́yìn irú àwọn iṣẹ́ abẹ ẹwà báyìí tí wọ́n lọ ṣe ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ń sọ fún ara yín pé ẹ ti rí ibi tí owó rẹ̀ kò pọ̀!

Ta ló tilẹ̀ sọ fún yín pé ìdí yín kéré? Ṣé àwọn ọmọkùnrin tí ẹ kò mọ ilé bàbá wọn, tí wọ́n ń kọ ìkọkúkọ sábẹ́ fọ́tò yín ni? Mo ti fi téèpù wọn ìbàdí àwọn obìnrin Òṣogbo láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdébìnrin lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní òpópónà Station, kò sì sí méjì tó bára mu. Olówó ń bẹ nínú wọn, ìyá ọba ń bẹ nínú wọn. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí a sọ fún oníbàárà pé ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí aṣọ rí bó ṣe yẹ. Aṣọ ni yóò ní kí a tú, kí a tún un rán. Bí mo bá gé aṣọ kù, mo lè rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí Ọjà Ọba kí ó tún ra ọ̀pá méjì wá, ṣùgbọ́n ọjà wo ni wọ́n ti ń ta awọ ènìyàn?

Ẹ wo ojú mi. Ilà pélé tó wà níbẹ̀, n kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ nígbà tí olóòlà kọ ọ́ fún mi. Ìyá mi sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ náà kò tètè dá, pé òun ń fi omi ìgbín sí i, òun sì ń sunkún. Nígbà tí èmi bímọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní abẹ kankan kò ní kan ojú ọmọ mi. Àwa ìyá ìgbà náà jà, a bá àwọn àgbà fa ọ̀rọ̀ náà títí, kí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 tó wá fi àṣẹ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọlà fún ọmọ mọ́. A gbà yín lọ́wọ́ abẹ. Ẹ̀yin wá ń dá àjọ kí ẹ lè padà sábẹ́ rẹ̀!

N kò bá ẹwà jà. Ìlú Ọ̀ṣun, olóòyà iyùn, ni a wà. Ta ni yóò kọ́ ará Òṣogbo pé ẹwà kò já mọ́ nǹkan? Ẹ ṣe irun, ẹ so ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ró ìró tó nípọn bí àwa náà ti ń ṣe nígbà tí a fẹ́ kí ìbàdí yọ. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé gbogbo iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ni kò dára. Mo mọ ọmọ tí iná jó lọ́rùn tí wọ́n bá ṣe é ní ilé ìwòsàn Ìgbòbí ní Èkó tí ọrùn rẹ̀ fi yí padà. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ètè lílà, obìnrin tí jẹjẹrẹ gba ọmú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ní ìdí láti lọ. Ẹ̀yin, ara yín dá ṣáṣá.

Bí ẹnì kan nínú yín bá wá kọ̀, tí ó ní òun yóò lọ dandan, kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà lọ́dọ̀ àjọ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà, kí ó sì bèèrè bóyá iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara gan-an ni ó kọ́. Kí ó bèèrè ẹni tí yóò fún un ní oògùn oorun, àti ibi tí wọn yóò sáré gbé e lọ bí nǹkan bá yíwọ́. Kí ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, kí ó sọ fún ìyá rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé fóònù àjèjì ni yóò gbé ìròyìn wá sílé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín lábẹ́rẹ́ ìdí nínú ilé, nínú òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù onírun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Owó tí ẹ ti dá, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ alájọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ra ẹ̀rọ, kí ó wá bá mi, èmi yóò fi kún un, a ó jọ lọ rà á. Ẹni tó bá sì ti gba abẹ́rẹ́ yìí, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí ibẹ̀ ń ro ó, tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí ó má fi aṣọ bò ó, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Bí ojú bá ń tì í láti dá lọ, kí ó pè mí, ìgbàkígbà tó bá jẹ́, èmi yóò tẹ̀ lé e.

Èmi ni ìyá yín,
Màmá Aránṣọ,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.