Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí A Kì Í Fi Bu Yẹ̀pẹ̀ sí Ìkòkò Ọ́kíìdì

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, a kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi wá léèrè ìdí tí a fi ń ta ọ́kíìdì, òdòdó olówó ńlá, nínú ìkòkò tí kò ní ju èédú àti èèpo àgbọn lọ. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ẹni tó bá ń gbin ẹ̀fọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orí igi ni ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì ilẹ̀ olóoru ń gbé nínú igbó. Gbòǹgbò wọn a mu omi òjò tó ń ṣàn lára èèpo igi, afẹ́fẹ́ a sì tún fẹ́ ẹ gbẹ kí òjò mìíràn tó dé. Bí ẹ bá fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, kò ní rí èémí mí, yóò sì jẹrà. Wọn kì í ṣe àfòmọ́ o. Oje igi ni àfòmọ́ ń fà mu, ọ́kíìdì kàn jókòó sórí ẹ̀ka ni, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù láti so ó mọ́ igi máńgòrò yín. Ilẹ̀ wa pàápàá ní tirẹ̀: Ansellia africana, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì ní àmì tótòtó bí awọ àmọ̀tẹ́kùn, a máa hù lórí igi, títí kan ọ̀pẹ.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọ́kíìdì tí wọ́n ń pè ní Dendrobium la máa ń gbé fún un, irú èyí tó fẹ́ràn ooru, tí igi rẹ̀ rí bí ìrèké kékeré tó ń tọ́jú omi pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ kàn án, kí ẹ sì ṣíji bò ó lọ́sàn-án. Bí ewé rẹ̀ bá ń wọ́ nígbà ọyẹ́, ẹ má jù ú nù. Bí igi rẹ̀ bá ṣì le, ó wà láàyè. Vanda, irú ọ́kíìdì mìíràn, lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rọ̀ sí, ojoojúmọ́ ló sì ń fẹ́ omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà a kì í tà á fún arìnrìn-àjò. Phalaenopsis ní tirẹ̀ fẹ́ ibòji. Ní ìgbà òjò kan, àwa fúnra wa gbé méjìlá sí etí òrùlé. Omi dúró sí àárín ewé wọn, kò sì pẹ́ tí ewé àárín náà fi ń fà yọ wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó dùn wá púpọ̀.

Kí ẹ tó bu omi, ẹ wo gbòǹgbò. Èyí tó gbẹ máa ń funfun bí fàdákà, bí omi bá sì ti kàn án, yóò di àwọ̀ ewé lójú yín. Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín, kí omi náà ṣàn jáde nísàlẹ̀ ìkòkò. Fatiláísà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ lọ.

Bí ti yín bá ti wà nínú yẹ̀pẹ̀, ẹ gbé e wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. A ó fọ gbòǹgbò rẹ̀, a ó gé èyí tó ti jẹrà, a ó sì tún un gbìn sínú èédú láìgba kọ́bọ̀.