Ẹ jẹ́ kí ìlù dún kẹ́ ẹ tó já fíìmù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé kálàmù, n ò sì ní í fi bò. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan gbé fíìmù Ṣaworoidẹ síta. Tọmọdé tàgbà ilé wa la jókòó tì í. Fíìmù ń lọ, ó ń dùn, ó kù dẹ̀dẹ̀ kí onílù gbọ́wọ́ lé ìlù fún sójà tó fipá gorí ìtẹ́, ni wọ́n bá já a. Kí la rí? Olóṣèlú kan nínú agbádá, tó ń ṣí ẹ̀rọ omi. Wọn ò tọrọ gáfárà, wọn ò sì padà síbi tí wọ́n ti kúrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ọba Jogbo, ìlú inú fíìmù náà, tí kò bá gba gbẹ́rẹ́, tó wá dé adé idẹ, ọjọ́ tí ìlù ṣaworoidẹ bá dún lọjọ́ ikú ẹ̀. Lápité, ọba tó jẹ kí sójà yẹn tó dé, mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fi yarí pé òun ò gba gbẹ́rẹ́ kankan. Owó ló bá dé orí oyè. Ìlù yẹn ni gbogbo ìtàn náà ń rìn lọ bá. Ẹni tó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ, kí ló wò? Igi gẹdú tí wọ́n ń gé?

Ọdún 1999 ni Túndé Kèlání gbé fíìmù yìí jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Lójú tèmi, a ò tíì rí irú ẹ̀ mìíràn lédè Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó máa bọ̀. Ẹ wo olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábá. Á ṣe bí ẹni tọ́rọ̀ ò kàn, á wá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sáàfin, ojú ẹ̀ á ti sọ ìdajì kẹ́nu ẹ̀ tó là. Ojú yẹn gan-an la ò rí wò dáadáa, torí ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ń sáré kọjá lágbọ̀n bàbá. Ẹni tóun fúnra ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV Ìbàdàn láyé ọjọ́un!

Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Apá mẹ́ta ni Ti Olúwa Nilẹ̀ tó jáde ní 1993. Apá kejì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wá, apá kẹta ò sì ní í dé láéláé. Bàbá Wándé, ìjòyè tó lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ òrìṣà fáwọn tó fẹ́ kọ́ iléepo, á máa sá kiri, àwa náà ò ní í mọ ibi tó já sí. Ní ti Ó Le Kú (1997), wọ́n fipá na àwòrán ẹ̀ kó lè kún tẹlifíṣọ̀n òde òní, gbogbo ọmọge Àjàní bá sanra, ìró oleku wá fẹ̀ bí ẹní.

Àmọ́ jíjá fíìmù lópin ló burú jù. Níbo làwọn tíjọba ń sanwó fún láti máa ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n wà? Bí orin kan bá ní ọ̀rọ̀ rírùn nínú, wọ́n á ti fòfin dè é kílẹ̀ tó mọ́. Kí wọ́n gé òpin fíìmù dànù, ìyẹn ò kàn wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ ò le. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síta, iye ìṣẹ́jú tó jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Tó bá jẹ́ 105, kí wọ́n kọ 105, kí wọ́n wá kọ iye ìṣẹ́jú ìpolówó sábẹ́ ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní aago lè ṣírò ẹ̀ nígbà náà. Bí 105 bá di 80, kí iléeṣẹ́ yẹn sanwó fíìmù lẹ́ẹ̀kejì fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì tún un gbé wá lódindi láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lákòókò kan náà, kì í ṣe aago méjì òru. N ò bá ìpolówó jà, òun ló ń sanwó iná wọn. Kí wọ́n fi síbi tí ìran kan ti parí. Àwọn tó ṣe fíìmù mọ ibẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n. Orúkọ àwọn òṣèré tó ń gùn lọ níparí náà wà nínú ìṣirò o. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó lùlù.

Kí wọ́n yé na àwòrán. Kí wọ́n máa fi apá kìíní ṣáájú apá kejì. Ní ti àwọn tó ń ta ayédèrú, ẹnu ti bó lórí ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gba ẹ̀yìn Bàbá Sàlá ta fíìmù ẹ̀, Ọ̀run Móoru.

Wọ́n ti ń polówó pé Agogo Èèwọ̀ (2002), tó tẹ̀lé Ṣaworoidẹ, ló kàn. Ẹni tí kò rí bí sójà yẹn ṣe kú, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìdí tí Jogbo fi ń wá ọba tuntun?

Èmi ni,
Òǹwòran tínú ń bí